Mo Kọ Ọ́ Pé Kò Sí Ẹni Tó Wà Níbẹ̀

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ọdún méjì péré ni mo fi kàwé. Kíláàsì àgbà ni, ọ̀sán Sátidé àti ọ̀sán Sọ́ńdè, nínú ọgbà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Agége. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara mi kọ orúkọ mi. Uswat. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Ọwọ́ yìí kan náà ni mo fi kọ ikú èèyàn mẹ́ta sínú ìwé. Irọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Méjì àkọ́kọ́, mi ò sí níbẹ̀, ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo kọ. Ẹ̀kẹta ṣojú mi kòró.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi. Mo tọ́ sí èébú. Ṣùgbọ́n ẹ kà á tán ná.

Ilé kan wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kan, lójú ọ̀nà tó já sí Oko Ọba níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Ògiri rẹ̀ ga, géètì rẹ̀ dúdú. Àwọn tí ọpọlọ wọn kò bá ara wọn dàgbà ló ń gbé ibẹ̀. Àwọn ẹbí wọn ló ń mú wọn wá, nígbà tí agbára wọn ò bá ká a mọ́. Mẹ́rìnlá ni wọ́n nígbà tí mo dé.

Àgbàlagbà ni gbogbo wọn, òmíràn ti hu ewú, síbẹ̀ "àwọn ọmọ" là ń pè wọ́n. "Ẹ fún àwọn ọmọ lóúnjẹ." "Ẹ kó àwọn ọmọ wọlé, òjò ń bọ̀." Bóyá ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹni tí ẹ ń pè lọ́mọ bá ké, ẹ ó ní ọmọdé ló ń ṣe é.

Mọ́mì Jemimah ló ni ilé náà. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni wọ́n, wọn kì í pariwo. Ẹni tó ń tọ́jú àwọn ọkùnrin ibẹ̀, tó tún ń bá wọn mú ẹni tó bá ya pòókí, ni Olúgbénró. Bọ̀dá Gbénró ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti da màlúù rí ní Oko Ọba, ibẹ̀ ló ti mú kóbókò tó ń fi kọ́ sára ìṣó lẹ́nu ọ̀nà sítọ̀ọ̀ wá. Nígbà kan, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, "wọ́n" ni mo máa ń lò, nítorí ó jù mí lọ. Mi ò lò ó fún un mọ́.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fọṣọ, kí n máa nu ilẹ̀. Wọ́n fún mi ní yàrá kékeré kan lẹ́yìnkùlé, èmi àti Quadri ọmọ mi. Bàbá rẹ̀ sọ pé òun ń lọ sí Ìbàdàn fún ọjọ́ mẹ́ta. Quadri ò tíì mọ ìjókòó nígbà yẹn. Ó ti ń sáré báyìí, bàbá ò tíì dé.

Ó ń sáré, àmọ́ kò sọ̀rọ̀. Ó pé ọdún méjì, kò sọ màámi, kò sọ bàámi. Ó pé ọdún méjì ààbọ̀, ẹnu rẹ̀ dákẹ́ bí ẹnu ìkòkò. Obìnrin kan tí a jọ ń pọn omi bi mí lẹ́ẹ̀kan pé, "Ìyá Quadri, ṣé o ò ní fi eléyìí kún àwọn tó ò ń fọṣọ fún?" Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì gbé garawa mi, mo lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé Quadri lé ẹsẹ̀.

Ẹ̀rù tó ń bà mí láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn: kí Quadri mi má di ọ̀kan nínú "àwọn ọmọ".

Lọ́jọ́ kan Mọ́mì bá mi níbi tí mo ti ń fi ọ̀dà kọ orúkọ sára garawa kọ̀ọ̀kan.

"Ìyá Quadri, ìwọ lo kọ èyí?"

"Èmi ni, mà."

"O mọ̀wé báyìí, o wá ń nulẹ̀." Wọ́n mú mi wọ ọ́fíìsì, wọ́n gbé ìwé ńlá kan tó ní páálí dúdú sílẹ̀. "Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa ń wá wò wá láti Ìkẹjà. Ìwé yìí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè. Láti òní lọ, ìwọ ni ọ̀gá ìwé."

Ọ̀gá ìwé. Èmi, ọmọ alágbàfọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́.

Ojú ewé kan wà lẹ́yìn ìwé náà fún ẹni tó bá kú. Ìlà márùn-ún ló wà níbẹ̀: Orúkọ. Ọjọ́ orí. Ọjọ́ tó kú. Ohun tó pa á. Ẹni tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó kọ ọ́ á fọwọ́ sí i.

"Kí ló dé tí ẹ̀yin gan-an ò kọ ọ́, Mọ́mì?"

"Lẹ́tà tèmi rí játijàti," wọ́n wí. Wọ́n fọwọ́ pa Quadri lórí. "Dókítà kan wà tí mo mọ̀, àwọn ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀ ló ń wò. Bá mi ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, màá mú un lọ bá a."

Ká ní wọ́n ní kí n fi ojú ọ̀tún mi san án ni, mo máa béèrè ọ̀bẹ.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo kọ ni Dàwódù. Ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ka tírélà tó bá ń kọjá lẹ́yìn ògiri, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ ju mẹ́rin lọ. "Méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, méjì." Mo ti ọjà dé lọ́jọ́ kan, mo bá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lófìfo.

"Wárápá ló gbé e," Mọ́mì wí. "Kọ ọ́."

"Ṣé ó ní wárápá tẹ́lẹ̀ ni, mà?"

"Gbogbo wọn ló ní in. O kàn ò tíì rí i ni."

Mo kọ ọ́. Ó ku ìlà tó gbẹ̀yìn, Ẹni tó wà níbẹ̀.

"Kọ 'Kò sí ẹnìkankan'. Tí o bá kọ orúkọ èèyàn síbẹ̀, wọ́n á ní kó wá ṣàlàyé. Ta ló ráyè?"

Mo fọwọ́ sí i. Mo tún fẹ́ atẹ́gùn sí i lórí kí yíǹkì náà lè gbẹ. Ẹ dárí jì mí, inú mi dùn sí bí lẹ́tà náà ṣe gún.

Ẹnì kejì ni Yẹmí, obìnrin kan tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n pè mí pé kí n wá nu balùwẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà lára ògiri, ó tó gíga orí mi, irun sì lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ó ṣubú ni," Mọ́mì wí lẹ́yìn mi. "Wárápá."

"Mọ́mì, ẹ̀jẹ̀ yìí ga ju ti ẹni tó ṣubú lọ."

"Ìyá Quadri, ṣé o wà níbẹ̀ ni?"

"Rárá, mà."

"Kí lo wá rí?"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé garawa.

"Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ là ń mú Quadri lọ rí dókítà o. Má gbàgbé."

Mo fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ògiri náà títí ó fi funfun. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó kọ ìwé. Wárápá. Kò sí ẹnìkankan. Ọjọ́bọ̀ náà dé, Mọ́mì ní dókítà ti rìnrìn àjò.

Olùkọ́ wa ní kíláàsì àgbà, Ọ̀gbẹ́ni Ìgbẹ́kẹ̀lé, fẹ́ràn láti máa sọ fún wa pé, "Irọ́ tí o bá fẹnu pa, afẹ́fẹ́ lè gbé e lọ. Èyí tí o bá kọ sílẹ̀ ti kọ́lé." A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ ti Yẹmí, mi ò lọ sí kíláàsì.

Ó wá kan Sìlífátù.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Sìlífátù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi ni, ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Muhydeen ń gbé Oko Ọba. Muhydeen ń pa màlúù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Sìlífátù ti rìn lọ sójú irin rélùwéè, ìyá ò lè sáré tẹ̀lé e mọ́, ni wọ́n ṣe mú un wá síbẹ̀. Ó ga, ó lágbára, ọ̀rọ̀ tó mọ̀ kò ju ogún lọ. Nínú ogún náà, méjì ni ti Quadri: "Ọkọ mi."

Láràárọ̀, á kan ilẹ̀kùn wa. "Ọkọ mi dà?" Á gbé e pọ̀n, á fi gèlè mi ṣe ọ̀já. Á gbé ẹnu rẹ̀ sún mọ́ ẹnu ọmọ náà, á ní, "Sọ pé omi. Omi." Quadri á máa wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Kò sọ ọ́ rí.

Ọjọ́rú ni, àwọn mọ́ṣáláṣí ò tíì pe ìrun Àìlá. Mo ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ búrẹ́dì ọ̀sán, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ọgbà. Quadri na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́ bí ẹni pé ó fẹ́ mú òórùn náà. Sìlífátù rí i. Ó wọ sítọ̀ọ̀, ó gé ìdajì búrẹ́dì, ó kó o lé ọmọ mi lọ́wọ́.

Gbénró yọ láti ẹ̀gbẹ́ táńkì omi.

"Ta ló ní kí o wọ sítọ̀ọ̀?"

"Ọkọ mi," Sìlífátù wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọkọ mi ń jẹun."

"Ọkọ ẹ. Ó dáa. Jẹ́ kí n bá ọkọ ẹ san owó orí ẹ."

Ó mú kóbókò kúrò lára ìṣó.

Mo gbé Quadri. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mi ò lọ sáàárín wọn. Yàrá ìfọṣọ ni mo sá wọ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ìdábùú dè é. Ihò kan wà lára pákó náà. Mo fojú sí i.

Mo rò pé á nà án lẹ́ẹ̀mẹta kó fi í sílẹ̀. Mo ń kà á. Mo ka mẹ́tàdínlógún, mi ò lè kà mọ́.

Sìlífátù ò mọ bí a ṣe ń sá. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ó lóṣòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. "Ẹ má nà mí mọ́, bọ̀dá. Ẹ má nà mí mọ́." Bẹ́ẹ̀ ló ń wí, ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà, bó ṣe máa ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Yọ ọwọ́ yẹn lórí."

"Ẹ má nà mí mọ́, bọ̀dá."

"Mo ní yọ ọ́."

Awọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti là, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ojú egbò. Gbénró ju kóbókò sílẹ̀. Mo ní ó ti tán. Ó sún sẹ́yìn, ó sì fi bàtà ta á nípàá níkùn. Ó tún ta á níhà, mo gbọ́ ìró rẹ̀, bí igi gbígbẹ tó dá. Sìlífátù ń wá èémí, kò rí i. Gbénró mú un lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ó ń wọ́ ọ lọ sí ẹnu ọ̀nà, orí rẹ̀ sì ń kan àtẹ̀gùn. Ọ̀kan. Èkejì. Ẹ̀kẹta. Níbi ẹ̀kẹta, ọwọ́ rẹ̀ já bọ́ lórí.

Quadri ya ẹnu láti ké. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bò ó, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà. Ó gé mi jẹ. Àpá eyín rẹ̀ ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ìdábùú ilẹ̀kùn yẹn, ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀dọ̀ tèmi ló wà.

Mọ́mì ti iwájú ilé wá. Wọn ò pariwo. Wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo Gbénró.

"Gbénró, o tún ti ṣe é."

Tún. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ni mo tó rí ògiri balùwẹ̀ Yẹmí àti bẹ́ẹ̀dì Dàwódù lójú mi.

"Ó jalè, mà."

"Gbé e wọlé. Da omi sílẹ̀ níbí." Wọ́n wá kọjú sí ilẹ̀kùn mi. "Ìyá Quadri, jáde. Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Mú ìwé wá."

Mo gbé ìwé àti bírò wá.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun. Èyí ṣojú mi."

"Wo ọmọ ẹ," wọ́n wí, jẹ́jẹ́. "Ọdún méjì ààbọ̀, kò lè pe ìyá ẹ̀. Tí mo bá lé ẹ jáde lónìí, ibo lo ń gbé e lọ? Tó bá wá dàgbà báyìí ńkọ́, tó ga jù ẹ́ lọ, tí apá ẹ ò ká a? Ọ̀dọ̀ mi náà lo máa mú un wá. Lọ́jọ́ yẹn, ṣé o fẹ́ kí n mọ̀ ẹ́ sí ọ̀rẹ́, àbí sí ọ̀tá?"

Mo jókòó. Mo kọ ọ́.

Níbi ìlà tó gbẹ̀yìn, mo dúró.

"Kọ ọ́."

Kò sí ẹnìkankan.

Mọ́mì pe Muhydeen lórí fóònù, wọ́n sunkún sí i létí. Bí wọ́n ṣe gbé fóònù sílẹ̀, ojú wọn gbẹ. "Mùsùlùmí ni wọ́n," wọ́n sọ fún Gbénró. "Wọn kì í pẹ́ sin òkú. Kí Àlàásárì tó kọjá, ó ti dé inú ilẹ̀."

Wọ́n dé lóòótọ́. Ìyá Sìlífátù, tó rí wẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé. Muhydeen àti ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n jọ ń pa màlúù, ẹ̀jẹ̀ òwúrọ̀ ṣì wà lára bàtà rọ́bà wọn, ọ̀bẹ wọn ṣì wà nínú àpò rẹ̀ ní ìbàdí. Ìyá Àdínnì mọ́ṣáláṣí wọn náà bá wọn wá, àwọn ló máa wẹ òkú.

Wọ́n ta ìró yí ibi ẹ̀rọ omi ká lẹ́yìnkùlé. Ìyá Sìlífátù ò lè dúró. Ìyá Àdínnì béèrè obìnrin Mùsùlùmí tó máa bá àwọn da omi. Mọ́mì nawọ́ sí mi.

"Lọ," wọ́n sọ sí mi létí. "Ohun tí wọ́n bá rí lára òkú, wọn ò ní sọ. Mo mọ ẹ̀sìn yín díẹ̀."

Ìyá Àdínnì yí Sìlífátù sí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n dúró. Wọ́n fi ìka tọ ojú kóbókò kan láti èjìká dé ìdí, wọ́n tọ òmíràn. Wọ́n dé ìhà, àpá bàtà èèyàn ló wà níbẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ hàn ketekete, títí dé ilà abẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé orí rẹ̀, ẹ̀yìn orí náà rọ̀ lọ́wọ́ wọn bí ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n jù.

"Ìwọ obìnrin yìí. Kí ló pa á?"

"Wárápá ni, Ìyá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó wà nínú ìwé."

"Ta ló kọ ìwé?"

Mo gbé búútà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í da omi.

"Apá ọ̀tún la kọ́kọ́ ń dà á sí," wọ́n wí. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń wẹ òkú. Wọ́n kọ́ wa pé ohun tí a bá rí lára rẹ̀, ká bò ó, kí Ọlọ́run lè bo tiwa."

Ara tù mí. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: ara tù mí. Mo wà níbi ìwẹ̀ òkú ọ̀rẹ́ ọmọ mi, mò ń dúpẹ́ pé kò sí ẹni tó máa sọ̀rọ̀.

Wọ́n dì í sínú aṣọ funfun, wọ́n tẹ́ ẹ sórí pákó ní ojúde. Muhydeen àti àwọn tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti gbé e. Ìyá Sìlífátù ní kí wọ́n dúró.

"Wọ́n ní ìwé kan wà. Mi ò mọ̀wé. Kí ẹnì kan kà á fún mi, kí n gbọ́ bí ọmọ mi ṣe kú."

"Ìyá Quadri, kà á fún Màmá," Mọ́mì wí.

Mo dúró sójú gbogbo wọn, Quadri dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo ka orúkọ. Mo ka ọjọ́ orí. Mo ka wárápá.

"Sìlífátù ò ní wárápá rí."

"Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ lójijì ni, Màmá," Mọ́mì wí.

"Ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀? Ta ló bá mi di orí rẹ̀ mú?"

Mo wo ìwé náà. Lẹ́tà mi gún régé. "Kò sí ẹnìkankan, Ìyá."

"Ó dá nìkan kú?"

"Kò sí ẹnìkankan, mà."

Gbénró bá bọ́ síwájú. "Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e, ó wúwo." Ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó gbé apá méjèèjì.

Quadri fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀. Ó lóṣòó sílẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Ó fi ọwọ́ kékeré méjì bo orí.

"Ẹ má nà mí mọ́, bọ̀dá," ọmọ mi wí. "Ẹ má nà mí mọ́."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbààwẹ̀, tí mo ti ń tọrọ, kí ẹnu yẹn lè là. Ó là. Ọ̀rọ̀ náà yè kooro, kò sì jọ ohùn ọmọdé. Bí Sìlífátù ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ ló ṣe fà á.

"Ohùn ọmọ mi nìyẹn," ìyá rẹ̀ wí.

Gbénró rẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó, ó ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ bá wọn yọ̀." Kò sí ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín. Quadri ṣì lóṣòó, ó ń sọ ọ́ lọ, kò dúró.

"Ìyá Quadri, gbé ọmọ ẹ wọlé," Mọ́mì wí.

Mi ò kúrò lójú kan.

"Muhydeen," Ìyá Àdínnì wí, "gbé àbúrò ẹ sílẹ̀. Àbùkù òkú ni wọ́n ní ká bò. Wọn ò ní ká bo ọwọ́ ẹni tó pa á. Bàtà èèyàn wà níhà ọmọ yìí. Ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn tó dúró níbí."

Gbogbo ojú lọ sílẹ̀. Muhydeen wo bàtà Gbénró, ó sì wá wò mí.

"Ìwọ lo kọ ìwé yẹn?"

"Èmi ni."

"Ta ló wà níbẹ̀?"

Mo gbọ́ tí Mọ́mì pe orúkọ mi. Orúkọ mi gan-an, Uswat, tí wọn kò pè rí.

"Èmi ni," mo wí. "Èmi ni mo wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn ni mo wà. Gbénró ló nà án. Òun ló fi orí rẹ̀ kan àtẹ̀gùn."

Mọ́mì gbá mi létí, ìwé fò bọ́ sínú omi. Gbénró sá fún géètì. Àwọn tó ń dá màlúù bolẹ̀ lójoojúmọ́ ló lé e, ká má tilẹ̀ sọ ti èèyàn. Ẹnì kan gbá a lẹ́sẹ̀, ẹnì kan dì í lọ́rùn, ó balẹ̀ gbì. Wọ́n ká apá rẹ̀ sẹ́yìn, apá náà dá. Àwọn òṣìṣẹ́ búrẹ́dì fo ògiri wọlé, ìyẹ̀fun ṣì wà lójú wọn. Ọ̀kan lára wọn rí kóbókò nílẹ̀, ó sì fi là á lẹ́nu. Eyín jáde. Gbénró náà ń sọ ọ́ láàárín ẹ̀jẹ̀ pé, "Ẹ má nà mí mọ́." Ó mọ̀ ọ́n sọ.

Muhydeen fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ láyà. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó gbé e lé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ níbi tó máa ń gbé e lé ti màlúù. Ẹ̀jẹ̀ ti ń sun.

"Muhydeen," ìyá rẹ̀ wí láti ibi tí wọ́n jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú. "Iwájú Sìlífátù la wà. Má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ẹni yẹn ta sí aṣọ àbúrò ẹ."

Ó pẹ́ kó tó gbé ọ̀bẹ kúrò.

Ìyá náà wá dìde, wọ́n wá bá mi. Wọ́n gbá mi létí ọ̀tún, wọ́n gbá mi létí òsì. Mi ò gbé ọwọ́ sókè. "O kà á sí mi létí," wọ́n wí. "O dúró, o kà á sí mi létí."

Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n kó gbogbo wa. Wọn ò sin Sìlífátù lọ́jọ́ náà. Ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n tú aṣọ funfun tí a dì í sí. Ìyá rẹ̀ sunkún ìyẹn ju ikú fúnra rẹ̀ lọ.

Ní tẹ́ṣàn, Mọ́mì ní òun ò mọ nǹkankan, pé èmi ni ọ̀gá ìwé, ọwọ́ mi àti orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Wọ́n fún wọn ní bébà kí wọ́n kọ tẹnu wọn sílẹ̀. Mo na ọrùn wo lẹ́tà wọn. Ó dára bí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni èmi àti Quadri fi wà ní àhámọ́. Ẹjọ́ ṣì wà nílé ẹjọ́, Gbénró àti Mọ́mì ò sí níta. Èmi gan-an, mi ò tíì mọ ohun tí adájọ́ máa fi mí ṣe. Mò ń gbé lọ́dọ̀ obìnrin kan tí a jọ wà ní kíláàsì àgbà, ní Ifákọ̀.

Ẹ máa fẹ́ mọ̀ bóyá Quadri ń sọ̀rọ̀ báyìí. Gbólóhùn kan náà ló mọ̀. Bí mo bá gbé kànrìnkàn láti wẹ̀ ẹ́, bí mo bá gbé ìyarun, kódà bí mo bá nawọ́ mú aṣọ lókè, á lóṣòó, á bo orí. "Ẹ má nà mí mọ́." Màá jókòó sílẹ̀ bá a. Màá ní, "Mi ò ní nà ẹ́." Lánàá, mo sọ ọ́ nígbà mọ́kànlélógún. Mò ń kà á.

Ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu mi béèrè bóyá kí òun bá mi kọ ọ́. Mo ní rárá, mo mọ̀ ọ́n kọ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ tẹ́ṣàn, nítorí náà mo kọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Lẹ́tà náà wọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pa á rẹ́.

Orúkọ: Sìlífátù.

Ọjọ́ orí: ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Ọjọ́ tó kú: Ọjọ́rú, kí wọ́n tó pe Àìlá.

Ohun tó pa á: Olúgbénró lù ú pa, nítorí búrẹ́dì tó fún ọmọ mi.

Ẹni tó wà níbẹ̀: Uswat. Ọmọ rẹ̀ Quadri náà wà níbẹ̀.